Kí Ẹ Tó Ṣe Áàpù, Ẹ Ṣe Kíbọọ̀dù

Lọ́dọọdún, tó bá ti ku díẹ̀ kó di ọjọ́ 21 oṣù kejì tí ayé ń ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí, áàpù tuntun máa ń hù bí olú. Wọ́n á ya gángan sójú ẹ̀, wọ́n á kọ́ yín ní "ẹ káàárọ̀" àti oókan títí dé ẹẹ́wàá, wọ́n á sì gba àtẹ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí òjò ọdún náà tó dá, áàpù ti kú, ẹni tó ṣe é ti gba iṣẹ́ míì, èdè sì wà níbi tó wà. Àwa tí a ń kọ kóòdù láàárín Oṣòdì sí Ìsọlọ̀, níbi tí iná ti ń lọ kí èèyàn tó ráyè tọ́jú fáìlì, a fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: èdè tó ń kú lọ ò nílò áàpù ìkíni mọ́. Kíbọọ̀dù ló nílò, kí ẹni tó ni ín sì wà nídìí iṣẹ́ náà.

Èdè wo là ń sọ? Yorùbá ní ìṣòro tiẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kẹ́yìn lórí ìlà. Google Translate ti gbà á wọlé láti oṣù kejìlá ọdún 2013. Nígbà tí ẹgbẹ́ Masakhane kó èdè Áfíríkà 10 jọ ní 2021 fún MasakhaNER, láti kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe lè dá orúkọ èèyàn àti ti ìlú mọ̀, Yorùbá wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà yìí ni àwọn Ògù wà, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn. Wọ́n wà ní Àgbádárìgì, wọ́n wà lórí omi ní Màkòko, àwọn ìbátan wọn wà ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ Ògù tó bá wá ṣiṣẹ́ ní Oṣòdì, Yorùbá ló máa fi bá kọ̀ndọ́tọ̀ jà, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi kọ lẹ́tà iṣẹ́. Tó bá fẹ́ fi èdè ìyá ẹ̀ kọ̀wé sílé, fóònù á fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ní 2018, ìjọba Èkó ṣòfin pé kí gbogbo iléèwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ó dùn mọ́ wa nínú. Ṣùgbọ́n fún ọmọ Ògù, èdè ńlá kejì ló tún gorí tiẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tó ń ké pé Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ Yorùbá run, ẹ rántí pé ẹni tó bá máa mú igi ṣónṣó gún ọmọ ẹyẹ, ara ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ fi gún wò.

Kí ló dé tí a fi ń pariwo kíbọọ̀dù? Ẹ wo lẹ́tà "ọ̀" yìí. Kọ̀ǹpútà kì í rí lẹ́tà, nọ́ńbà ló ń rí. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, fún "ọ" ní nọ́ńbà tiẹ̀, àmọ́ "ọ̀" ò ní: "ọ" ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó dúró lọ́tọ̀. Èèyàn tún lè pín in sí mẹ́ta: "o", àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ lè fi wá orúkọ ara yín nínú àkójọ kan, kí ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ yín rí. Oògùn ẹ̀ ò ju ìlà kóòdù kan lọ. Normalize ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú Python, ó wà nínú JavaScript, ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń ṣe l'Ékòó lónìí: Ọláṣùbọ̀mí ò lè wọlé àfi tó bá di Olasubomi. Ẹni tó kọ kóòdù ọ̀hún sì lè máa jẹ́ Adébáyọ̀ o!

Ó tún kù. Ní Benin, ɔ àti ɛ ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá níbi tí àwa ti ń lo ọ àti ẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ará Kétu àti ará Ìsọlọ̀ jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á sọ wọ́n di àlejò síra wọn. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè yẹn náà ni èdè Ògù wà. Àtẹ kékeré kan tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé lẹ́tà yìí àti tọ̀hún, ọmọ ìyá ni wọ́n, lè parí ìjà náà. Ta ló ń ṣe é? Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún àtẹ lẹ́tà níbi ìdíje àwọn akọ́kóòdù.

Àwọn kan á ní, "Ẹ fara balẹ̀, AI á tún gbogbo ẹ̀ ṣe." Kí ni AI fẹ́ jẹ kó tó yó? Ohun tí èèyàn bá kọ ni. Igba ni iye, igbá la fi ń bu omi, ìgbà ni àkókò, igbà ni okùn ẹlẹ́mu. Ẹ bọ́ àmì lára wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ọ̀kan, ẹ̀rọ á máa méfò. Yorùbá ṣì ní ìwé tó lè fi méfò. Èdè tó jẹ́ pé ìwé ìsìn ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi ẹ̀rọ yẹn pé èló lẹja, á dáhùn bíi wòlíì.

Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ tún wà níbẹ̀. JW300 jáde ní 2019: àkójọ ọ̀rọ̀ láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ní èdè tó lé ní 300. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè Áfíríkà ló dúró lórí ẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníwèé dé, wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní àdúgbò wa mọ ìtàn yìí: ẹ kọ́lé tán, ọmọ onílẹ̀ dé.

Àwọn míì á ní ká dúró de Google. Ní 2024, wọ́n fi èdè 110 kún Translate, Fọ̀n tó jẹ́ ìbátan Ògù sì wà nínú ẹ̀. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣílẹ̀kùn náà lè tì í.

Ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún 6 àkọ́kọ́ níléèwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún 6 ò kẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Tí ìjọba bá lè kọ̀wé lónìí kí wọ́n ya á lọ́la, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí kò nílò ìbuwọ́lù mínísítà.

Ẹnìkan á bi wá pé ṣé kóòdù ló ń kọ́ ọmọ lédè ni? Rárá o. Ìyá tí kò bá fi èdè ẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀, kò sí kóòdù tó máa bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orí fóònù làwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe yẹ̀yẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹnu ìfẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà. Èdè tí kò bá ṣeé tẹ̀ níbẹ̀, òde ìgbéyàwó àti òkú àgbà nìkan ló máa kù sí.

Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fọ́ọ̀mù, ẹ gba orúkọ èèyàn tàmì-tàmì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí Ògù, ẹ dé Àgbádárìgì kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ògù ṣe olórí iṣẹ́ náà, kó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè ẹ̀. Ẹ sanwó fún àwọn àgbà tí ẹ bá gba ohùn wọn sílẹ̀, kí àṣẹ lórí ohùn náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Keyman tí wọ́n fi ń ṣe kíbọọ̀dù wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lò ó. Ẹ fi kóòdù yín síta, kí ẹlòmíì lè bá a lọ tí iṣẹ́ olówó gọbọi bá gbé yín lọ. Ní Ìsọlọ̀ níbí, àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀. Tí ẹ bá gba ohùn wọn, ẹ kọ "Àwórì" sí i, ẹ má kọ "àṣìṣe".

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ya ọdún 2022 sí 2032 sọ́tọ̀ fún èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ káàkiri ayé. Áàpù ìkíni mélòó la máa kà nígbà tó bá parí, kò kàn wá. Ohun tí a fẹ́ ni kí ọmọ Ògù kan lè jókòó sínú ọkọ̀ ní Oṣòdì, kó fi èdè ìyá ẹ̀ bú dírẹ́bà fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí WhatsApp, kí gbogbo àmì ẹ̀ pé, kí fóònù má sì fa ìlà pupa kankan.