Kí a tó wó mọ́sálásí àtijọ́, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀

Ní ọjọ́ Àlàmísì kan nínú ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti mọ́sálásí kan dé òmíràn láàárín ìlú Ìṣẹ́yìn. Mo gba Òkè-Ọjà, mo gba Kòso, mo yọ sí Ìsàlù. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Mọ̀gàríbì, mo ti yà sí mọ́sálásí mẹ́rìnlá. Ìwé kékeré kan àti fóònù ni mo mú dání. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lórí ọ̀rọ̀ àyálò. Orúkọ mẹ́fà péré ni mo rí kọ bí àwọn ará ilé ṣe ń pè é. Ní ibi mẹ́jọ yòókù, pátákó ni wọ́n nawọ́ sí fún mi.

Mo ti ń sọ èyí fún àwọn akẹgbẹ́ mi ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí náà: àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ kó máa kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀, a kò sì ṣe é. Bí wọ́n bá ti wó mọ́sálásí alámọ̀ kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, orúkọ tuntun ló sábà máa ń gorí pátákó. Ó lè jẹ́ orúkọ ẹni tó náwó sí i, ó lè jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìlà Lárúbáwá kan lókè. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ mọ́sálásí àtijọ́ lórúkọ wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́. Àwọn tó ń kọ pátákó lónìí kì í sábà wò ó.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àwọn òpìtàn fi ọdún 1760 sí mọ́sálásí àkọ́kọ́ ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n sì fi 1790 sí ti Ṣakí. Ti Èkó jẹ́ 1774. Ẹ wo àwọn ọdún yìí dáadáa. Ọdún 1804 ni Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ jìhádì rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà kí Ìlọrin tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ogun Fúlàní ló gbé ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé Òkè-Ògùn, ẹ ní kó lọ tún ọdún kà. Wọ́n ti ń kírun ní Ìṣẹ́yìn nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀.

Èdè wa náà jẹ́rìí sí i. Mọ́sálásí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, tí wọ́n ń pè é ní masallaci. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ládàánì ti wá. Ṣùgbọ́n àlùfáà kò bá ọ̀nà yẹn wá, torí pé malam ni Hausa ń pe onímọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn Songhay, tí wọ́n ń gbé lẹ́bàá Odò Ọya lápá òkè lọ́hùn-ún, ni wọ́n ń pè é ní alfa. Stefan Reichmuth, onímọ̀ kan láti Jámánì, kọ̀wé lórí àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tó wà nínú Yorùbá ní ọdún 1988. Ìyẹn ni pé ó kéré tán, ọ̀nà méjì ni ẹ̀sìn yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá ló sì jẹ́ ká mọ̀.

Bí o kì í bá ṣe Mùsùlùmí, má wulẹ̀ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Òṣoògùn, ìlú Samuel Àjàyí Crowther, kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Ní 1821, àwọn tó kó ìlú náà, tí àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní wà lára wọn, mú Àjàyí wá sí Ìṣẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ọmọ yẹn ló wá tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, òun náà ló sì ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún àwọn tó ń rúbọ nínú tẹ́ńpìlì, àlùfáà ni wọ́n mú. Wòlíì tí wọ́n mú fún Aísáyà àti Jeremáyà, inú walī ti Lárúbáwá ló ti wá. Àdúrà àti ìwàásù, ọ̀nà kan náà ni. Pásítọ̀ tó bá dìde láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó ní ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tó ti kọ́kọ́ gba ẹnu àwọn Ìmàle kọjá ló ń sọ. Ohun tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ. Látijọ́, mọ́sálásí Jímọ̀ kan ni ìlú máa ń ní. Àwọn kéékèèké inú agbo ilé ni à ń pè ní Rátíbì, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó jẹ mọ́ ohun tí à ń ṣe déédéé, nítorí pé ìrun ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kí níbẹ̀. Rátíbì lè máa jẹ́ orúkọ ilé, tàbí orúkọ iṣẹ́ ilé náà, tàbí ti àlùfáà tó kọ́kọ́ tẹ́ awọ àgbò síbẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ igi tí wọ́n ti gé kí wọ́n tó bí bàbá mi. Mo jókòó níta òmíràn níbi tí àwọn ahunṣọ òfì ti na òwú gbọọrọ dé ìdí ìkòkò omi àlùwàlá. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń pe mọ́sálásí náà. Kòso fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ Ṣàngó ni, ládàánì sì ń pe ìrun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹ̀sìn tuntun dé, àwọn baba wa kò torí rẹ̀ pa orúkọ àdúgbò rẹ́.

Bàbá ládàánì kan ní Ìsàlù gbọ́ bí mo ṣe ń ṣàròyé pé wọ́n ti wó ògiri àtijọ́. Wọ́n gbé kẹ́tùlù ọwọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n wò mí.

“Ọmọ mi, òjò ti pa wá níbẹ̀ rí nínú Rámádàánì. Omi ń kán sórí Kùránì. Ṣé ògiri la wá ń sìn ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tó yá, mo ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Kí ni ẹ ń pè é kí pátákó yìí tó dé?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé náà láti orí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ọmọ ọmọ wọn dúró tì wá, ọmọkùnrin tó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń kírun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní òun kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn tún èrò mi ṣe. Kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí àgbàlagbà máa forí kanlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ nítorí àpilẹ̀kọ tèmi. Ní Èkó, mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ṣì dúró, àrà ilé àwọn Àgùdà ṣì wà lára rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 2013. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olówó ńlá ló kọ́ ìyẹn, àárín Èkó ló sì wà. Rátíbì alámọ̀ inú agbo ilé kò ní irú alátìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ògiri amọ̀ ń fẹ́ kí a máa rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, owó àti agbára ló sì ń gbà. Orúkọ rẹ̀ kò gbà ju ìlà kan nínú ìwé lọ. Èyí tó rọrùn jù lọ la kò ṣe.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ wà lára pátákó tuntun, nísàlẹ̀ orúkọ ẹni tó náwó, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ bí àwọn àgbà bá rántí. Kò dín iyì olówó kù. Èkejì, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa gba àkójọ orúkọ agbo ilé àti mọ́sálásí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí tó tó ṣe. Àwọn kan ti sọ fún mi pé iṣẹ́ àwọn òpìtàn nìyẹn. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kọ láìfi àmì ohùn sí lè di orúkọ mìíràn pátápátá lẹ́nu àlejò, àwa sì ni wọ́n kọ́ láti gbọ́ ohùn. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kàwé yìí, pàápàá ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, mú mọ́sálásí kan péré ní ìlú yín. Ẹ tan fóònù, ẹ jẹ́ kí àgbà kan pe orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní kọjá.

Iléyá kò ní pẹ́ dé. Gbogbo wa la ó wá sílé, a ó jẹ ẹran, a ó ya fọ́tò. Kí ẹ tó wọ mọ́tò padà, ẹ rìn dé ẹ̀yìn ilé, kí ẹ béèrè. Nínú ìwé kékeré tèmi, mọ́sálásí méje ló ṣì kù tó jẹ́ pé orúkọ orí pátákó nìkan ni mo ní. Mo ń padà lọ sí Ìṣẹ́yìn. Bàbá ládàánì ní kí n tètè dé, pé àwọn tó mọ orúkọ méjì nínú wọn ti dàgbà ju òun lọ.