Ẹni Tí Ó Dúró Ti Ará Ìlú: Lẹ́tà Ìmọ̀ràn sí Àwọn Ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́ ní Ajara

Gbogbo ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ní Ajara, ní agbègbè Àgbádárìgì, láti Topa dé Vetho, yálà ọmọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, tàbí ti Áńgílíkà, ti Kátólíìkì, ti Sẹ̀lẹ́, tàbí ti àwọn ìjọ tuntun tí pátákó wọn kún ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ni a kọ lẹ́tà yìí sí.

Ìjẹ́rìí ni lẹ́tà yìí dá lé lórí. Ìjẹ́rìí ni pé kí onígbàgbọ́ sọ ohun tí ó mọ̀ nípa Kristi fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, kí ìwà rẹ̀ sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Àwọn àgbà ìjọ kò fẹ́ pa iná ìtara ọ̀dọ́, nítorí pé ìjọ tí ọ̀dọ́ rẹ̀ kò jẹ́rìí mọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Ohun tí ó ń kọ wọ́n lóminú ni pé ariwo ìwàásù ń pọ̀ sí i ní agbègbè yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń dúró gbọ́ kò pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí Àgbádárìgì, ìlú tí ìyìn rere ti gúnlẹ̀ sí láti ìgbà pípẹ́, má mọ ìdí rẹ̀.

Kò sí ọmọ Àgbádárìgì tí kò gbọ́ ìtàn igi Agia rí. Abẹ́ igi náà ni wọ́n ní Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wàásù lẹ́yìn tí ó gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Igi náà wó ní 1959, ọ̀wọ̀n ìrántí sì wà lójú ibẹ̀ dòní, tí àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Ó jọ pé fọ́tò yìí ni ó ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà, tí wọ́n fi rò pé ọkùnrin kan kàn dìde lábẹ́ igi, ó gbóhùn sókè, ìlú sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn rí. Kí Freeman tó dé, Sàró kan tí ń gbé ní Àgbádárìgì, James Ferguson, ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn olórí ìjọ rẹ̀ ní 1841 pé kí wọ́n rán olùkọ́ wá. Àwọn Sàró ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone kí wọ́n tó máa padà wálé. Nígbà tí Freeman náà dé, kò pẹ́ rárá, nítorí pé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ó ti gba Abẹ́òkúta lọ láti kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, lẹ́yìn náà ni ó sì padà sí Gold Coast. Ẹni tí ó dúró ni William de Graft, ọmọ Fántì láti Cape Coast, òun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń bá ará ìlú gbé, tí wọ́n mọ ọmọ ta ni ó ń ṣàìsàn àti ilé ta ni ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, àwọn sì ni wọ́n kó àwọn ọmọ díẹ̀ jọ ní 1843 sí ilé ìwé tí ìtàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Orúkọ Freeman ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, èyí kò sì burú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń jẹ́rìí, de Graft ni kí ó wò.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ti Ìjọ Áńgílíkà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845, Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Àjàyí Crowther, tí òun náà jẹ́ Sàró, dé sí Àgbádárìgì pẹ̀lú èrò láti tètè kọjá sí Abẹ́òkúta, àfi bí wọ́n ti gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́ tí ó pè wọ́n ti kú, tí ogun sì ti dí ọ̀nà. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi dúró. Wọ́n lè fi gbogbo àkókò náà kùn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ọmọ níwèé, Crowther sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì dúró ní etí ọ̀sà títí di òní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlú rọ́ tọ̀ wọ́n lọ. Àwọn Sàró ni ó pọ̀ jù nínú ìsìn wọn, nítorí pé àwọn ìjòyè Àgbádárìgì ìgbà náà ń jẹun nídìí òwò ẹrú, wọ́n ní òrìṣà tiwọn, wọ́n sì ń fura pé ọ̀rọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ aṣọ ajíhìnrere, ìfura tí kò ṣì pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun kọlu Èkó ní 1851 ti fi hàn.

Nígbà tí Crowther dé Abẹ́òkúta nígbẹ̀yìn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn akónilẹ́rú ti yà wọ́n nípa. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn oníwàásù kan tí ó wà lóde òní ni, ọjọ́ náà gan-an ni wọn ìbá ti ri ìyá bọ omi. Àfàlà kò ṣe ìrìbọmi títí di oṣù Kejì ọdún 1848. Ọmọ rẹ̀ ni àlùfáà, inú ilé ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbé, síbẹ̀ ó gbà á ní ọdún kan àti ààbọ̀ láti gbọ́, láti wo ìṣe wọn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Crowther kò kán an lójú. Ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí inú ń bí nítorí pé bàbá rẹ̀ kò tíì tẹ̀lé e lọ sí ilé ìjọsìn ronú sí èyí.

Ní Ajara lónìí, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni àwọn ọ̀dọ́ ń yàn. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, ọ̀kan nínú wọn á gbé gbohùngbohùn sẹ́nu ní oríta, á sì máa pariwo ikú àti ọ̀run àpáàdì sí etí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, sí etí apẹja tí ó ti òru wọlé, àti sí etí mùsùlùmí tí ń ṣe àlùwàlá. Nínú ọkọ̀ láti Mile 2 sí Àgbádárìgì, òmíràn á dìde kí ọkọ̀ tó dé Agbára, á gbàdúrà, á wàásù, á dá orin, lẹ́yìn náà á sì pín àpò ìwé kékeré fún ọrẹ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ owó, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Kò béèrè orúkọ ẹnì kan, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ilé rẹ̀. Òfin kò ní kí wọ́n má wàásù o. Abala 38 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní ẹ̀sìn, láti pààrọ̀ rẹ̀, àti láti tàn án kálẹ̀, ìbáà ṣe ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, ìdí sì nìyí tí LASEPA, àjọ tí ń mójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fi ń ti ilé ìjọsìn tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù pa, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Èyí tí ó burú ju ìjìyà òfin lọ ni pé ẹni tí a bá fi ariwo jí kò ní fi ìfẹ́ gbọ́ ohunkóhun tí ó bá tẹ̀lé e.

Ọ̀ràn tí ó gbẹgẹ́ jù ni ti àwọn tí ń sin vodun, àwọn òrìṣà ìbílẹ̀ Ògù. Ìlú àwọn Ògù, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ègùn, ni Ajara, kò sì sí agboolé tí ó jìnnà sí ojúbọ kan. Zangbeto, tí í ṣe ẹgbẹ́ olùṣọ́ òru ìlú, ṣì ń jáde. Ọ̀dọ́ kan á ti ìpàdé àdúrà dé, á dúró sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ ìdílé bàbá rẹ̀, á sì máa pe ohun tí ó wà níbẹ̀ ní èṣù, kí ó tó wọlé lọ jẹ oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ọmọ awo, fi owó ara rẹ̀ rà. Àwọn mìíràn ti ń sọ nípa dídáná sun ojúbọ bí ẹni pé iṣẹ́ ìgbàgbọ́ ni. Ohun tí ó wà nínú Ìwé Mímọ́ yàtọ̀ sí èyí. Pọ́ọ̀lù lo ju ọdún méjì lọ ní Éfésù, ìlú tí òrìṣà Átẹ́mísì jẹ́ ògo rẹ̀, ìwàásù rẹ̀ sì múná débi pé ọjà àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà fẹ́ dà rú. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú gbóná, akọ̀wé ìlú náà, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ni ó dìde jẹ́rìí níwájú gbogbo èrò pé àwọn ènìyàn yìí kò ja tẹ́ḿpìlì lólè, wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ òdì sí òrìṣà àwọn, gẹ́gẹ́ bí Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 19 ti sọ. Ǹjẹ́ aboré tàbí olórí Zangbeto wo ní Ajara ni ó lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ? Ní Áténì pẹ̀lú, Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ rìn yíká ìlú, ó wo pẹpẹ wọn, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ọ̀kan nínú wọn kí ó tó la ẹnu. Ọ̀dọ́ tí kò lè sọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ gbà gbọ́ lọ́nà tí aládùúgbò náà yóò fi gbà pé òótọ́ ni, kò tíì yẹ ní ẹni tí ń tako ìgbàgbọ́ náà.

Bákan náà ni ti àwọn mùsùlùmí. Ní 1872, Crowther, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, jókòó níwájú Ẹ́mírì Ìlọrin, àwọn ènìyàn ààfin sì ń bi í ní ìbéèrè. Kò bá wọn jiyàn, kò sì bú Ànábì wọn. Ó ń ṣí Ìwé Mímọ́ tí ó wà ní èdè Yorùbá nígbà náà, ó ń ka ibi tí ó dáhùn ìbéèrè wọn, ó sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Ó ti kọ́ ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé ó ti rí i pé ẹni tí a bá ṣẹ́gun nínú àríyànjiyàn a máa lọ kó ọ̀rọ̀ tuntun wá ni, ọkàn rẹ̀ kì í yí.

Kí àwọn ọ̀dọ́ sì wo bí ìjọ Sẹ̀lẹ́ ti tàn ká etí omi yìí, ìbáà ṣe pé ẹ̀kọ́ ìjọ náà tẹ́ wọn lọ́rùn tàbí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Káfíńtà ni Samuel Bilewu Oschoffa tí ó dá a sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947. Àwọn tí ó gbé e wọ Èkó ní nǹkan bí 1950 kì í ṣe àlùfáà, apẹja Ògù ni wọ́n, tí ń ti etí omi Àjàṣẹ́ wá ṣiṣẹ́ ní Makoko. Ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe ni wọ́n ti ń sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wọn, ẹni tí ó jókòó tì wọ́n sì mọ̀ wọ́n dáadáa, ó mọ bí wọ́n ti ń san gbèsè àti bí wọ́n ti ń pín ẹja. Irú àyè bẹ́ẹ̀ kò tíì tán ní Ajara. Obìnrin tí ń ṣe àdí àgbọn kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó wá gbọ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó bá bá a rin àgbọn, tí ó bá a fún omi rẹ̀, tí ó sì jókòó ti iná títí òróró fi léfòó sí ojú ìkòkò, ní wákàtí púpọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀, àti láti gbọ́ tirẹ̀, èyí tí àwọn oníwàásù sábà máa ń gbàgbé. Lẹ́bàá kànga Samáríà, Jésù alára kọ́kọ́ tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin náà ni.

Ní ti fóònù, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí WhatsApp tí ó ní kí ènìyàn fi í ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá tàbí kí ibi bá a kì í ṣe ìyìn rere, ìdẹ́rùbà ni. Ẹ̀rí ìwòsàn tí kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí, kí wọ́n pa á rẹ́. Kí wọ́n má sì fi ìrẹsì àti aṣọ ra ọkàn ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tí ebi ń pa jẹun, kí ó sì lọ ní àlàáfíà bí kò bá tilẹ̀ wá sí ìsìn láéláé. Ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú, kí wọ́n má ṣe fà á wọ ẹgbẹ́ àdúrà láìjẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyí tí ó dun àwọn àgbà jù. Èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń wàásù fún àwọn ìyá àgbà tí Ògù nìkan yé délẹ̀délẹ̀. Odidi Bíbélì ti wà ní èdè náà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn ìjọ kan sì ṣì ń kà á, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ó lè kà á jáde láìkọsẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ìjọ tí ó mọ̀ ọ́n kà ṣì wà láàyè ní Topa àti ní Vetho, ojú wọn sì ti ń di bàìbàì. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n fi gbohùngbohùn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n mú Bíbélì Ògù dání, kí wọ́n sì lọ jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyí ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè kọ́ bí a ti ń kà á.