Ìṣirò Tí Mínísítà Fò Dá

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kọ ẹgbẹ̀rún ebè lóko kan ní Kìṣí. Ẹ̀gbọ́n fi igba ebè ju àbúrò lọ. Mélòó ni àbúrò kọ? Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ roko kò ní wá bíírò: yọ igba, ó ku ẹgbẹ̀rin, dá a sí méjì, irinwó ni ti àbúrò, ẹgbẹ̀ta ni ti ẹ̀gbọ́n. Áljẹ́bírà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí tíṣà kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sára pátákó, kó fi “let x be” ṣíde rẹ̀, ọmọ kan náà á máa wo òrùlé. Ìṣirò kọ́ ló gbé e ṣubú, èdè ni.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní èdè abínibí ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ó dáa. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní 2022 yóò lo ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà ní girama; 2034 ni yóò ṣe WAEC. Ní òpin 2025, kíláàsì kẹrin ló wà. Ta ló wá gbé WAEC fún ọmọ kíláàsì kẹrin? Ìṣirò yìí kò tilẹ̀ gba áljẹ́bírà: ìka ọwọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ méjì ti tó o. Bí wọ́n bá sì ní ìlànà ti 1977 lórí èdè abínibí ti wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ka orúkọ àwọn ilé ìwé tó tẹ̀lé e.

Wọ́n ti dán fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ wò rí. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ní tíṣà tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Fáìlì rẹ̀ kò lè jìnnà sí ọ́fíìsì náà.

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní orúkọ fún áljẹ́bírà. Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní. Ọwọ́ Lárúbáwá ló ti yá a, láti ara ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Ẹni tó bá sì pe márùndínláàádọ́ta ti ṣírò: ogún lọ́nà mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, yọ márùn-ún. Bíríkìlà tó ń ta okùn ìpìlẹ̀ ń wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún. Bí ìdábùú bá pé márùn-ún, igun gún. Ìṣirò kọ́ ló wọ́n láàárín wa. Èdè ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìṣirò ti kóńgò, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà, wá ńkọ́? Àwọn oníṣòwò kan á gbé kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ síta wá ra àgbàdo l'Òkè-Ògùn, wọn á sì fi èyí tí ìdí rẹ̀ wọnú tà á nígboro. Ìjọba yára wọ́gi lé èdè, ṣùgbọ́n kóńgò yẹn ṣì wà lọ́jà. Ìyá tó ń ta àgbàdo mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ, ṣùgbọ́n kò lè fi iye rẹ̀ hàn. Ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó bá a ṣírò rẹ̀, òun tó ti há ìwọ̀n “cylinder” sórí láti òkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé kóńgò ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.