Ilé Ni A Ó Ti Bẹ̀rẹ̀: Ìkéde Wa Lórí Àwọn Ọmọkùnrin Tó Ń Wọ Ẹgbẹ́ Òkùnkùn

Àwa ìyá, bàbá, olùkọ́ àti ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní Mushin, Ajégúnlẹ̀, Agége àti Ìkòròdú ní Èkó la kó ara wa jọ. Sísin òkú ọmọ ọdún 16 ti sú wa. À ń pe àwọn ọmọkùnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn ní Awawa, à ń pè wọ́n ní One Million Boys, a sì ń bẹ Ọlọ́run kó kó wọn kúrò ládùúgbò wa, bí ẹni pé ibòmíràn ni wọ́n ti wá. Inú yàrá wa ni wọ́n ti jáde.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ń fi bẹ́líìtì àti wáyà nà, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbá ìyá rẹ̀ mọ́ ògiri lóru, ti kọ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ òkùnkùn kí ẹnikẹ́ni tó pè é. Ó ti mọ bí a ṣe ń jẹ ìyà láì ké. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó lágbára ló jàre. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ ilé kò gbọdọ̀ dé ìta, torí náà ìbúra àṣírí kò ṣàjèjì sí i. Lóru tí ẹgbẹ́ bá ń gbà á wọlé, wọ́n á lù ú bí ẹni máa kú, wọ́n á sì wá gbá a mọ́ra pé ó ti di ọmọ ìyá àwọn. Ó ti mọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ohun tuntun kan ṣoṣo tó bá níbẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí ń gbèjà rẹ̀, èyí tí ilé kò ṣe fún un rí.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n lù ló ń di jàgùdà. Ní Amẹ́ríkà, Cathy Spatz Widom tọpa ọmọ 908 tí wọ́n hùwà ìkà sí tàbí tí wọ́n pa tì ní kékeré. Ìwádìí rẹ̀ ní 1989 fi hàn pé ọlọ́pàá ń mú wọn ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ọlọ́pàá kò mú rí. A kò sì gbàgbé ebi, tàbí olóṣèlú tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ jagun ìbò. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014 sọ pé nǹkan bíi ọmọ 6 nínú 10 ló ń fojú winá ìwà ipá kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ilé tiwa ni wọ́n ń sọ.

Nítorí náà, a kò ní fi ohunkóhun na ọmọ mọ́. A ó bá a wí, a ó sì dúró ti ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó bá ní "wọ́n lu èmi náà, mo sì dára," kó lọ bi ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ bóyá ó dára. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń fi sípánà gbá ọmọṣẹ́ lórí kò ní rí ọmọ gbà lọ́wọ́ wa. Ọmọkùnrin tó bá ń sunkún, a ó jẹ́ kó sunkún tán.

Bí igbe bá sọ lóru, a ó kan ilẹ̀kùn náà, àwa mẹ́ta mẹ́rin pọ̀. Kò sí "ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni" lẹ́nu wa mọ́.

Ní 2021, Èkó ṣòfin pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 jura. A kò ta kò ó. Ṣùgbọ́n láti 2007 ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé àti òfin ìwà ipá abẹ́lé ti wà ní Èkó yìí kan náà. Kí ìjọba fi ìtara kan náà lò wọ́n nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọdún 7, kó má dúró di 17. Ilé ààbò tó bá sì gba ìyá, kó gba ọmọkùnrin rẹ̀ mọ́ ọn, kódà bó ti ń hu irùngbọ̀n.

Ìwọ tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá pààyàn yóò jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ jáde, wá bá wa. A mọ̀ pé wọn yóò máa wá ọ, torí náà àdúgbò mìíràn la ó ti wá ibùsùn fún ọ, a ó sì wá ọ̀gá tí kò ní nà ọ́.