“Ń” Tiwa àti “-ing” Tiwọn

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń tú àṣírí ẹni tí ó gba inú Yorùbá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

“Ń” ni a fi ń sọ ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ nínú èdè wa. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, tí ó sì béèrè ìyá, ọmọ a dáhùn pé, “Ìyá mi ń dáná.” Gẹ̀ẹ́sì a ní, “My mother is cooking.” Títí dé ibí yìí, kò sí ìjà. “Am”, “is” tàbí “are” ni yóò ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe yóò sì gba “-ing” ní ìparí. Kí ọmọ má ṣe gbàgbé èyí tí ó ṣáájú o, nítorí “My mother cooking” kò tíì di gbólóhùn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹrù méjì ni “ń” tiwa rù. “Ìyá mi ń ta aṣọ” lè túmọ̀ sí pé ó wà ní ìsọ̀ báyìí, tí ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Ó sì lè túmọ̀ sí pé òwò rẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sùn ní àkókò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀: “is selling cloth” ni ti àkọ́kọ́, “sells cloth” ni ti èkejì. Obìnrin tí ó ń wá iṣẹ́, tí wọ́n bi í ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe, tí ó sì dáhùn pé “I am teaching”, lè mú kí wọ́n rò pé iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni. “I teach” tàbí “I am a teacher” ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí kì í fẹ́ gba “-ing”: “know”, “want”, “need”, “own”. Níhìn-ín, Yorùbá ràn wá lọ́wọ́, nítorí àwa náà a máa wí pé “mo mọ̀ ọ́n”, “mo fẹ́ omi”, “mo ní ọmọ méjì”, láìsí “ń”. “I have two children” ni kí ẹ wí. Ẹni tí ó bá ní “I am having two children” ń sọ fún Gẹ̀ẹ́sì pé ìbejì wà nínú òun! “Gbọ́” nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. A máa ń wí lórí tẹlifóònù pé “mo ń gbọ́ yín”. “I can hear you” ni tiwọn.

Àwọn ọmọ yóò jiyàn. Wọn yóò ní McDonald's ti ń fi “lovin'” polówó láti ọdún 2003. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpolówó a máa fi èdè ṣeré, olùyẹ̀wé ìdánwò kì í ṣeré. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi gbogbo ìgbà le koko bẹ́ẹ̀: ní ayé Shakespeare, tí ó kú ní 1616, ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò ní “-ing” ṣì lè ru ẹrù méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí “ń” tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù lọ ni ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé pé “-ing” ni ti ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ sì rò pé ìṣẹ́jú yìí gan-an ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá béèrè pé “Are you breastfeeding?”, kì í ṣe pé ọmọ wà lẹ́nu ọmú níwájú rẹ̀ ni ó ń béèrè. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ kò tíì já ọmọ lẹ́nu ọmú, nítorí oògùn mìíràn a máa gba inú wàrà dé ara ọmọ. Ìyá tí ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tí ó sì dáhùn pé “No”, ti ṣi ìbéèrè náà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Are you taking any medicine?” Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn pé “Yes”, bí kò tilẹ̀ sí oògùn kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún ìbéèrè náà sọ sínú ara yín ní Yorùbá, “Ṣé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú?”, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì hàn.

Ti èébì ọmọ ni ó kù. “Ó ń bì láti àná” ni àwa ń wí. Bí ẹ bá ní “He was vomiting”, nọ́ọ̀sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti dá, kí ó sì pe ọmọ mìíràn wọlé ṣáájú tiyín. “He is vomiting” kò sọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. “He has been vomiting since yesterday” ni ó sọ méjèèjì: ó bẹ̀rẹ̀ lánàá, kò sì tíì dá. Ẹ fi iye ìgbà tí ó ti bì kún un, kí ẹ sì sọ bóyá ó ṣì ń tọ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì há yín lọ́fun, ẹ béèrè ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba, ilé ìwòsàn ìjọba lè wá ògbufọ̀ fún yín láìgba owó.