Ẹ Ra Aṣọ Eré, Ẹ Gba Eré Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin òbí àdúgbò Bajulaiye l'Ékòó, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ má wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ará Ìkòyí ni mò ń pè. Ẹ̀yin náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ kọjá. Ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́rin lọ. Aṣọ páílọ́ọ̀tì ló wọ̀, funfun báláú, ilà góòlù léjìká, fìlà tó bo etí méjèèjì. Mo ní, "Káàárọ̀ o, Ọ̀gá Páílọ́ọ̀tì." Ọmọ ò dáhùn. Omi ló wà lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kúnlẹ̀ dáhùn: "Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Career Day ni wọ́n ń ṣe níléèwé. Aṣọ rẹ́ǹtì ni, mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jókòó."

Kò gbọdọ̀ jókòó! Kò gbọdọ̀ jẹ pọ́fùpọ́fù tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ, kí òróró má baà kan aṣọ. Kò gbọdọ̀ sáré, kí bọ́tìnnì má baà já. Bí ó bá já pẹ́nrẹ́n, owó tí ìyá fi dógò lọ́dọ̀ aláṣọ ti wọgbó nìyẹn. Ẹ wá sọ fún mi, irú páílọ́ọ̀tì wo ni kò gbọdọ̀ jókòó? Ta ní ń wa ọkọ̀ òfurufú lóròó?

Ṣé eré nìyẹn? Mo tún bi yín: ṣé eré nìyẹn?

Mo mọ ọmọ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó to àpótí mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ó gbé ògbólógbòó táyà síwájú, ó wá ṣa àgékù pépà tí máṣíìnì wa gé dànù, ó ká wọn sáàárín ìka bí owó. Ló bá ń ké: "Onípáànù, Fádéyí, Jìbówú, Yábàá! Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!" Ọmọ méjì jókòó bí èrò. Ọ̀kan ní, "Ó wà o!" Ó gbá àpótí, ọkọ̀ dúró. Ìkejì fẹ́ yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láìsanwó, ó fà á padà, ó gba pépà, ó ka ṣénjì fún un: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹnìkẹta tó ti ń sunkún pé òun ni òun fẹ́ ṣe dẹ́rẹ́bà gbà láti dúró di ìgbà tó máa kàn án. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ọdún mẹ́rin dúró de ìgbà tirẹ̀. Ohun tí ẹ fi pàṣán kọ́ tí kò mọ̀, eré kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá jáde. Ó gbá a létí. "Ṣé kọ̀ńdọ́ lo fẹ́ dà láyé ẹ?" Ó tú ọkọ̀ ká. Lọ́sẹ̀ kejì, ó lọ rẹ́ǹtì aṣọ páílọ́ọ̀tì.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Kọ̀ńdọ́ ni ọmọ yín mọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ó mọ bí ó ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó mọ ohùn rẹ̀, ó mọ ìjà rẹ̀. Ibo ló ti rí páílọ́ọ̀tì rí? Kí ni ẹ fẹ́ kó fi ṣeré níbẹ̀? Ẹ wọ ọmọ láṣọ iṣẹ́ tí kò mọ orí tí kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ gbé e sórí fóònù, ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ta ló wá ń ṣeré níbẹ̀, ọmọ àbí ẹ̀yin?

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwa ọmọdé ìgbà náà, àkísà àgbà yẹn gan-an laṣọ eré wa. Ìdajì ìró ìyá wa la fi ń pọn ọmọlangidi. Agolo mílíìkì ni ìkòkò, iyẹ̀pẹ̀ ni ìrẹsì, ewé ni ẹ̀fọ́, àfọ́kù ìkòkò ni owó. Tí a bá rí àpò kan, eégún ti jáde nìyẹn, àtòrì ti wà lọ́wọ́. Àgbà tó bá rí wa á sá, á ní eégún dé. Ó mọ̀ pé ọmọ Lámidi aládùúgbò ni, síbẹ̀ á sá. Lónìí, ẹ̀yin ń fi aṣọ olówó dẹ́rù ba ọmọ, àwọn àgbà ìgbà náà fi àpò jẹ́ kí ọmọ dẹ́rù ba àgbà.

Ẹ ò ní gbà á lẹ́nu mi, nítorí n kì í ṣe òyìnbó. Ó dáa, ẹ gbà á lẹ́nu òyìnbó. Lev Vygotsky, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, fi igi tí ọmọdé ń gùn bí ẹṣin ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Igi kò jọ ẹṣin, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n wà, torí orí ọmọ ló ní láti fi èyí tó kù kún un. Ó tún ní eré ṣe-bí-ẹni-pé lófin nínú, àti pé nínú rẹ̀ ni ọmọ ti ń kó ara rẹ̀ níjàánu ju bó ti lè ṣe níta lọ. Dẹ́rẹ́bà tó dúró de ìgbà tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé rẹ̀? Aṣọ tó bá ti pé tán ò fi nǹkan kan sílẹ̀ kí orí ọmọ ṣe.

Ẹ wá gbà á lọ́dọ̀ tiwa náà. Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà tí wọ́n bí ní 1916, àwọn eégún alárìnjó ló ń bá ṣeré nígbà tó wà lọ́mọ iléèwé. Ó dàgbà, ó wọ aṣọ ọlọ́pàá, aṣọ gidi tí ìjọba fún un, kì í ṣe rẹ́ǹtì. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó bọ́ aṣọ gidi sílẹ̀ nítorí aṣọ eré, ó sì di baba tíátà gbogbo wa. Ká ní ìyá rẹ̀ gbá a létí ńkọ́? Kí ẹ tó ní ayé àtijọ́ nìyẹn, Bàrígà tó wà lẹ́yìnkùlé yín níbí ni Ṣẹ́gun Adéfilà ti ń darí ẹgbẹ́ tíátà Crown Troupe of Africa tó dá sílẹ̀ ní 1996.

Òfin pàápàá ò sí lẹ́yìn yín. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, abala kejìlá, sọ pé eré jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Ẹ̀tọ́ tí àwọn baba ńlá wa fún ọmọ láìkọ ọ́ síwèé ni òfin wá ń fi tipátipá bẹ̀ yín fún. Ẹ ò tijú?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí òbí pé dandan ni, ẹ̀yin lẹ lé ọmọ tí kò láṣọ dókítà sẹ́yìn fọ́tò. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí Nàìjíríà yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé, ọmọ òtòṣì ń sunkún. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Àbí wọn ò kọ́ yín náà ni?

Ẹ̀yin baba tó ń lu ọmọkùnrin tó wé gèlè ìyá rẹ̀, ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe, kò ní gbé gèlè náà lọ síbi kankan.

Ẹ má rò pé ọwọ́ èmi náà mọ́. Ní 1986, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ díákónì. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá àkọ́bí mi nínú àpò sìmẹ́ńtì, ó fi èédú kun ojú, àwọn ọmọ àdúgbò ń kọrin tẹ̀ lé e. Mo bọ́ àpò náà lọ́rùn rẹ̀, mo dáná sun ún lójú wọn. Ìlú òyìnbó ni ọmọ náà wà báyìí. Ó pè mí níjẹta, ó ní ọmọ òun fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì borí, ó ń sáré káàkiri pálọ̀, òun sì fẹ́ kọ orin ìgbà yẹn fún un, ṣùgbọ́n òun ò rántí rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Bàbá, báwo la ṣe ń kọ ọ́?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò dúró gbọ́ ọ. Ìṣáná ni mò ń wá.