Ààbò Ilé-Kéú: Àmáná Ni Ọmọ Jẹ́ Lọ́wọ́ Wa

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọṣáláṣí, ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náhàwù tàbí sárúfù. Ọ̀rọ̀ ilé tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ni.

Gbogbo wa la mọ bí ilé-kéú ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àfáà á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ mẹ́fà á jókòó. Kí ó tó di ọdún kẹta, wọ́n ti di ọgọ́ta. A ó fi páànù ṣe àfikún sí ẹ̀gbẹ́ mọṣáláṣí, a ó gba yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò, tàbí kí á gbé àjà kan lé ilé tí wọn kò fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe ti alájà. Iṣẹ́ rere ni, Ọlọ́hun yóò sì san án lẹ́san. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé ẹni tó kó ọmọ sínú ilé tí kò ní ààbò, àmáná tó gbà lọ́wọ́ òbí ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Owó tí ìjọ bá dá fún ilé-kéú, ààbò ọmọ ni kí ó kọ́kọ́ bá lọ, kí ó tó kan ọ̀dà, géètì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé. Ilé gbígbé ni ilé náà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló wà lókè rẹ̀. Ó tó ènìyàn 20 tí ó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ìjọba ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Wọn kò wó o, òun fúnra rẹ̀ ló wó. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé-ìwé mìíràn wó lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Jos, ènìyàn 22 ló bá a lọ.

Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti Kaura Namoda ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ní oṣù kejì ọdún 2025. Ilé-kéú bíi tiwa ni. Iná ṣẹ́ yọ lóru, ọmọ kéú 17 ló jóná kú. Wọ́n ní pòròpórò tí wọ́n kó jọ sí àyíká ilé ni iná náà ti ràn. Ní ọdún 2021, ní orílẹ̀-èdè Niger tó wà lókè wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni iná jó kíláàsì tí wọ́n fi koríko kọ́: ọmọ 20 ló kú ní Niamey, ó sì lé ní 20 ní Maradi.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ̀ sí àyíká tiwa. Ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkòròdú, tí à ń pè ní Industrial Estate, ní Odògúnyàn lójú ọ̀nà Ṣágámù, ti fún ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá lára yín ní oúnjẹ òòjọ́. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n èéfín kò mọ ògiri ọgbà. Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn mú kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò ní Ògijo, ìlú tó bá wa pààlà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù. Nínú ẹni mẹ́wàá, méje ni òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dé ibi ìpalára. Ọmọdé wà nínú wọn.

Báyìí ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Èéfín á gbé òjé jáde, eruku rẹ̀ á bà sórí ilẹ̀, sójú fèrèsé àti sórí ẹní. Ọmọ á fi ọwọ́ kan ilẹ̀, á fi kan ẹnu. Ọpọlọ ni òjé ń bà jẹ́ lára ọmọdé, àjọ WHO sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Tí ó bá pọ̀ jù, ó ń pa ènìyàn: ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti fi wá wúrà pa ọmọ tó lé ní 400. A kò sọ pé gbogbo ọmọ tí kò tètè há Kùráánì sórí ni òjé ń bá jà. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ọmọ ní olódo, kí a tó na pàṣán, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ohun tí ó ń mí símú.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́hun ni Olùṣọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí ó tó wọ mọṣáláṣí kò sọ pé ìgbàgbọ́ òun kò pé. Àwọn mìíràn yóò ní owó Àlàrùbá kò tó ra ṣọ́ọ̀kì, áńbọ̀sìbọ́sí ilẹ̀kùn irin. Èyí náà ní ìdí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń béèrè kì í gba owó ńlá.

Èkíní, ilẹ̀kùn. Kí yàrá tí ọmọ pọ̀ sí ní ọ̀nà àbájáde méjì, kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, kí ẹnikẹ́ni má fi àgádágodo tì í nígbà tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Tí irin bá wà lójú fèrèsé, kí ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú.

Èkejì, ògiri. Kí a má gbé àjà lé ilé, kí a má sì gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún kíláàsì, láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ nípa ilé ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àjọ LASBCA ló ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ pè wọ́n kí ògiri tó sán.

Ẹ̀kẹta, iná. Kí jẹnẹrétọ̀ wà níta, kí ó jìnnà sí fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pani. Kí epo bẹntiróòlù má sun inú kíláàsì. Kí gbogbo ọmọ mọ nọ́ńbà 112 àti 767 tí à ń pè fún ìrànlọ́wọ́ ní Èkó, bí wọ́n ṣe mọ Fátíhà.

Ẹ̀kẹrin, eruku. Kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Kí a fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò gbígbá eruku kiri. Kí a gbin koríko àti igi sí ilẹ̀ tó wà ní gbangba. Kí a má sì ra ilẹ̀ ilé-kéú sí ìdí iléeṣẹ́ tí ń yọ́ òjé, bó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Kí á má di gbogbo ẹrù yìí lé àfáà nìkan lórí. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò lọ́rùn, ìrẹsì inú Ramadan kò sì lè dípò afẹ́fẹ́ tó mọ́. Kí àwọn ìmáàmù, ẹgbẹ́ onílé àti òbí jọ kọ̀wé sí àjọ LASEPA tí èéfín bá ń wọlé kíláàsì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tijú láti béèrè pé kí wọ́n fi ibi tí ọmọ yín ń jókòó hàn yín. Lọ́jọ́ wolímọ̀ tó ń bọ̀, kí owó tó lọ sórí ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dá owó ilẹ̀kùn kejì. Sàdákátùl-járíyà ni, ẹni tó bá gba ẹnu rẹ̀ jáde láàyè ni ẹ̀rí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó má jẹ́ kí ilé ìmọ̀ di ilé ọ̀fọ̀. Àmín.